Kúlúsọ Ìdí Ògiri: Wíwò àti Yíya Fọ́tò Ìbátan Snakefly ní Ìbàdàn Àtijọ́

Snakefly ni orúkọ tí àwọn òyìnbó fún kòkòrò kan tó ní ọrùn gígùn, tó máa ń na orí sókè bí ejò tó fẹ́ ṣán nǹkan. Ìyẹ́ mẹ́rin ló ní, wọ́n mọ́ gaara, iṣan wẹ́wẹ́ sì kún inú wọn. Irú rẹ̀ tí àwọn onímọ̀ ti kọ sílẹ̀ tó nǹkan bí 250, apá àríwá ayé sì ni gbogbo wọn fi ṣe ilé: Yúróòpù, Éṣíà, àti ìwọ̀ oòrùn Àríwá Amẹ́ríkà títí dé Mẹ́síkò. Ní Áfíríkà, wọn kò sọ̀kalẹ̀ kọjá ìhà àríwá pátápátá, níbi tí Mòrókò àti Àlùjíríà wà. Òtútù ló so wọ́n mọ́bẹ̀, nítorí ó yẹ kí ìdin wọn rí ìgbà tí ojú ọjọ́ tutù kí ó tó lè di àgbà. Kò sì rí bẹ́ẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀, torí pé wọ́n ti rí snakefly tó gbẹ sínú òkúta ní Brazil láti ayé àwọn dinosaur. Lónìí, ẹni tó bá gbé kámẹ́rà jáde ní Bẹẹrẹ, ní Ìbàdàn, láti wá a yóò wá a tì. Ìbátan rẹ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá, tí ọmọdé mọ̀ dáadáa tí àgbà kì í sábà kà sí, òun ni kúlúsọ. Bí a bá fẹ́ mọ ẹbí snakefly nílẹ̀ wa, eruku ìdí ògiri ló yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀, kò sì yẹ kí a pẹ́.

Kúlúsọ tí à ń sọ yìí, ìdin ni, kò tíì dàgbà. Ẹ̀yìn ló fi ń rìn. Bó ti ń fi ẹ̀yìn wọ erùpẹ̀ yípo ló ń fi orí da iyanrìn síta, títí ihò náà yóò fi rí bí àrọ tí a fi ń rọ epo. Ara ihò dà gẹ̀rẹ́ dé ibi tí erùpẹ̀ lè dúró mọ, tó jẹ́ pé bí èèrà bá fi ẹsẹ̀ kàn án báyìí, ilẹ̀ á yọ̀ lábẹ́ rẹ̀. Bí èèrà bá fẹ́ gun òkè padà, kúlúsọ á máa ju iyanrìn lù ú láti ìsàlẹ̀. Eyín rẹ̀ méjèèjì tó tẹ̀ sínú á wá gbá a mú. Ihò wà nínú eyín yìí, ibẹ̀ ló ń gbà fa omi ara èèrà mu, á sì ju èèpo rẹ̀ síta. Kì í yàgbẹ́ ní gbogbo ìgbà tó fi wà ní ìdin, nítorí ìfun rẹ̀ kò já síta. Ó di ìgbà tó bá hu ìyẹ́ kí ó tó da ìdọ̀tí náà nù. Ó lè lo ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ báyìí. Charles Darwin wo irú ihò yìí ní Ọsirélíà ní oṣù kìíní ọdún 1836, ó sì rò ó débi pé ó kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó dá a dúró kò ju èyí tí ọmọ Ọjà'ba ń rí lẹ́yìnkùlé lọ.

Àwọn kan á ní igbó ni kòkòrò ń gbé, kí la fẹ́ rí ní ìgboro tí ilé fún mọ́ ilé láti Bẹ́yẹrúnkà dé Òkè Màpó? Ìdáhùn wà nínú bí àwọn ilé yẹn ṣe rí. Eruku kíkúnná, ibi tí òjò kò dé, àti èèrà tó ń kọjá ni kúlúsọ ń fẹ́. Ògiri amọ̀ ń rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, pánù sì yọ kọjá ògiri, tó fi jẹ́ pé ilẹ̀ tó wà láàrin ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ àti ìdí ògiri á gbẹ fúrúfúrú, kódà nínú oṣù kẹfà tí òjò ń rọ̀ kíkankíkan. Nínú igbó ńkọ́? Ilẹ̀ tutù, ewé sì bò ó. Fún kúlúsọ tó ń gbẹ́ ihò, agbo ilé àtijọ́ sàn ju ọ̀pọ̀ igbó lọ. Ẹ má wá a lórí àtẹ̀gùn Gbọ̀ngàn Màpó tí wọ́n ṣí ní 1929. Ẹ sọ̀kalẹ̀ sí àwọn agbo ilé tó yí òkè náà ká.

Fọ́tò tí a yà láti òkè ní ọ̀sán gangan kì í fi nǹkan hàn, ihò á kàn dà bí àbàwọ́n lórí ilẹ̀ pẹrẹsẹ. Òwúrọ̀ kùtù tàbí ìrọ̀lẹ́ ló dáa, nígbà tí oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ wá, tí òjìji ń fi bí ihò ṣe jìn tó hàn. Bí ògiri bá dí oòrùn, kí ẹnìkan mú tọ́ọ̀ṣì wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Fóònù tó fún iṣẹ́ yìí, bí a bá há awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi mọ́ ojú rẹ̀, kí a sì fi ẹyọ ìṣáná kan sí ẹ̀bá ihò kí ẹni tó bá wo fọ́tò mọ bó ṣe tóbi tó. Iyanrìn tí kúlúsọ ń jù yá ju ojú lọ, nítorí náà fídíò tí a dín ìyára rẹ̀ kù ló dáa fún un. Èyí tó ti hu ìyẹ́ ló ṣòro. Alẹ́ ló ń fò, iná ló sì ń fà á wá sára ògiri. Ọ̀pọ̀ èèyàn á pè é ní lámilámi. Ìwo orí ni kí a wò: ti lámilámi kéré débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ti kúlúsọ gùn díẹ̀, ṣóńṣó rẹ̀ sì ki. Bó bá bà, á pa ìyẹ́ bo ara rẹ̀; lámilámi sábà máa ń na tirẹ̀ síta. Ìbátan kúlúsọ mìíràn tí iná ń fà ní ọrùn gígùn àti ọwọ́ ìwájú tó ká kò láti fi mú ẹran. Òun ló rọrùn jù láti ṣì pè ní snakefly, ṣùgbọ́n snakefly kò ní irú ọwọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tó wúwo jù lè ti ọ̀dọ̀ àwọn onímọ̀ wá: irú kúlúsọ tó wà láyé tó nǹkan bí 2,000, ìdin wọn jọra, fọ́tò fóònù kò sì lè sọ èyí tó jẹ́. Òótọ́ ni. Kòkòrò gidi tí a gbẹ, tí a tọ́jú sínú àpótí, ṣì ni ẹ̀rí tó péye. Ṣùgbọ́n òkú kòkòrò kì í sọ ibi tí ó gbẹ́ ihò sí, èèrà wo ló jẹ, tàbí bí ihò rẹ̀ ṣe súnmọ́ ti ẹnìkejì tó. Fọ́tò ló ń sọ ìyẹn. A sì lè so ẹ̀rí méjèèjì pọ̀. Kí a bu eruku sínú abọ́, kí a fi ìdin kan sí i, kí a máa fún un ní èèrà. Tó bá yá, á fa òwú láti ìdí, á fi iyanrìn àti òwú yẹn rọ ilé róbótó yí ara rẹ̀ ká, á sì jáde pẹ̀lú ìyẹ́. A ó ya ihò, ìdin àti ìyẹ́ rẹ̀ ní fọ́tò, a ó sì gbé kòkòrò náà lọ fún àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ní IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀.

Ohun tó mú un di kánjúkánjú ni pé ilẹ̀ náà ń lọ. Wọ́n ń wó ilé amọ̀, wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn, wọ́n ń da kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sẹ́ni tó yẹ kó bẹ onílé pé kó máa fa eruku símú nítorí kòkòrò, ilé tó dára ju ihò kúlúsọ lọ. Àkọsílẹ̀ ló yẹ kó ṣáájú kọnkéré, tòun ti ọjọ́ tí a ya fọ́tò àti orúkọ àdúgbò. Àmọ́ ẹni tó lóṣòó sí ìdí ògiri olóògiri pẹ̀lú kámẹ́rà á jọ ẹni tó wá wọn ilẹ̀ tàbí ẹni tó wá sàmì sí ilé tí wọ́n fẹ́ wó. Kí ó kọ́kọ́ lọ kí mọ́gàjí, olórí agbo ilé, kí ó fi ihò kan hàn án, kí ó ṣàlàyé ohun tó ń wá, kí ó tó ya ẹyọ fọ́tò kan.