Ilé-iṣẹ́ iná tó ti gbó, àti iná Ọ̀yọ́ òun Ògbómọ̀ṣọ́

Nàìjíríà kò ní ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì kankan láti tì pa, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ títi ilé-iṣẹ́ tó ti gbó pa kan Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́: wáyà ìjọba àpapọ̀ ni wọ́n fi ń gba iná, ilé-iṣẹ́ iná Egbin tí wọ́n ṣí láàárín ọdún 1980 sí 1990 sì wà lára òpó rẹ̀. Jámánì ti ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì mẹ́ta tó kù sí i lọ́wọ́ pa ní oṣù Kẹrin 2023. Gúúsù Áfíríkà ní tirẹ̀ pààrọ̀ àwọn àgbá tó ń sọ omi di ooru ní ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì Koeberg, tó ti ń ṣiṣẹ́ láti 1984, ó sì fún ẹ̀rọ kìn-ín-ní láàyè títí di 2044. Ọ̀nà Gúúsù Áfíríkà yìí ló bá wa mu jù. Àwọn kan lè sọ pé ẹ̀rọ àgbà léwu, owó àtúnṣe rẹ̀ sì pọ̀. Òótọ́ ni, àyẹ̀wò kò gbọdọ̀ dẹ̀. Àmọ́ níbi tí iná kò tí ì tó, bí a bá ti ògbólógbòó kí tuntun tó dé, jẹnẹrétọ̀ ni ajórin àti alọta yóò sáré tàn, epo rẹ̀ sì wọ́n ju owó iná lọ. Láti rí tuntun náà, òfin iná 2023 ti gba ìpínlẹ̀ láàyè láti pèsè tirẹ̀; oòrùn ọ̀dàn Ògbómọ̀ṣọ́ ni kí ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kọ́kọ́ fi bẹ̀rẹ̀.