Orúkọ Tó Yẹ Àwòrán Krishna àti Yashoda

Ní Thanjavur, ìlú kan ní ìpínlẹ̀ Tamil Nadu ní gúúsù ilẹ̀ Íńdíà, àwọn ayàwòrán máa ń ya ọmọ kan tó sanra rọ̀bọ̀tọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Krishna ni ọmọ náà, Yashoda ni ìyá. Iṣẹ́ náà gbilẹ̀ láyé àwọn ọba Maratha ìlú náà, pàápàá Serfoji Kejì tó jọba láti 1798 sí 1832. Ẹni tó bá fẹ́ kọ nípa rẹ̀ ní Yorùbá, kó kọ́kọ́ wo ọwọ́ oníṣẹ́ kó tó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè.

Pákó ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á lẹ aṣọ mọ́ ọn, wọ́n á po ẹfun lílọ̀ pọ̀ mọ́ gọ́ọ̀mù, wọ́n á fi mọ ìlẹ̀kẹ̀, adé àti òpó ààfin títí wọ́n á fi wú yọ. Wọ́n tún máa ń lẹ wúrà lé e, wọ́n sì máa ń to dígí wẹ́wẹ́ sí i. Bí a bá pe èyí ní fífín, a ṣì í pè ni. Ẹni tó ń fín nǹkan ń gé kúrò. Ẹni yìí ń mọ nǹkan lé nǹkan. Ẹfun àmọlé ni mo fara mọ́. Wúrà ọ̀hún ńkọ́? Ẹ má pè é ní ewé wúrà, kò sí ewé níbẹ̀. Wọ́n lù ú títí tó fi fẹ́lẹ́ ni: wúrà àlùfẹ́lẹ́.

Àwọ̀ ara ọmọ náà ló wù mí jù. Dúdú ni orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí ní èdè Sanskrit, àwọ̀ aró sì ni púpọ̀ nínú àwọn ayàwòrán Íńdíà fi ń kùn ún. Búlúù á sọ ohun tó wà nínú ike ọ̀dà, kò ní sọ ẹwà tí olùsìn rí. A ti ní adúmáadán, tí a fi ń yin ẹni tó dú tí ara rẹ̀ ń dán. Kí la tún ń wá?

Ohun tó sábà máa ń wà lọ́wọ́ Krishna ni òrí-àmọ́ tó jí nínú ìkòkò. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì ló fi ọ̀rọ̀ yẹn sílẹ̀ fún wa, ó sì dára ju bọ́tà inú agolo lọ.

Devaki ló bí i. Yashoda gbà á tọ́ nítorí ọba Kamsa tó ń pa àwọn ọmọ Devaki. Ìyá alágbàtọ́ ni ká kọ. Krishna fúnra rẹ̀, Vishnu, òrìṣà àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù, tó gbé àwọ̀ èèyàn wọ̀ ni. Ọmọ òrìṣà kò bá a mu, nítorí olùsìn là ń pè bẹ́ẹ̀, títí dé Cuba.

Èyí tó le jù láti túmọ̀ ni darshan. Olùsìn ń rí Krishna, Krishna náà ń rí i. Ìdí nìyẹn tí ojú ọmọ náà fi là rekete. Ìwòran kò tó o rárá. Ìfojúrinjú ló sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tó ń kọ àlàyé sábẹ́ irú àwòrán báyìí, ẹ lo àwọn ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ní èyí tó sàn jù, ẹ kọ ọ́ jáde ká rí i.