Bí A Ṣe Ń To Táǹkì Ogun Kékeré: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Fẹ́ Bẹ̀rẹ̀ Mọ̀

Bí wọ́n bá dárúkọ táǹkì fún ọ̀pọ̀ nínú wa, táǹkì omi tí wọ́n gbé sórí òpó lẹ́yìnkùlé ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Kò sì yani lẹ́nu, nítorí ọ̀rọ̀ omi náà ni orúkọ yẹn ti jáde wá. Nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń rọ ọkọ̀ ogun onírin yìí ní bòókẹ́lẹ́ lákòókò Ogun Àgbáyé Kìíní, wọn kò fẹ́ kí àṣírí náà tú sí àwọn ará Jámánì lọ́wọ́, ni wọ́n bá ń sọ pé ohun ìpọnmi ni. Ọjọ́ 15 oṣù kẹsàn-án ọdún 1916 ni wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọ ojú ogun, nítòsí odò Somme ní ilẹ̀ Faransé. Orúkọ àdàpè náà kò sì kúrò lára rẹ̀ mọ́ títí dòní.

Táǹkì tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lónìí kò lè pa ẹnikẹ́ni. Àwòṣe ni, èyí tí wọ́n fi ike ṣe, tí ó wà ní wẹ́wẹ́ nínú páálí, tí ẹni tó rà á yóò fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò, tí yóò sì kùn ún lọ́dà títí yóò fi dà bí èyí tó ti ojú ogun dé. Káàkiri ayé ni àwọn àgbà ti ń fi iṣẹ́ yìí najú. Ohun tó sábà máa ń dun ẹni tó bá ń ṣe é fún ìgbà àkọ́kọ́ ni pé, lẹ́yìn tó bá ti tò ó tán, tó kùn ún tán, tó tún da ẹrẹ̀ àti ìpẹtà sí i lára, ike ló ṣì ń jọ. Kì í ṣe pé ọwọ́ rẹ̀ kò mọ́. Ohun tí kò mọ̀ ni pé gbogbo àmì tó bá wà lára táǹkì gidi ló ní ìwọ̀n tirẹ̀, tó sì ní ohun tó fà á. Ẹni tó bá di nǹkan méjì yìí mú, iṣẹ́ rẹ̀ yóò jọ òótọ́.

ÌDÁ KAN NÍNÚ 35

Ìwọ̀n tó gbajúmọ̀ jù fún àwòṣe táǹkì ni ìdá kan nínú 35. Ilé iṣẹ́ Tamiya tó wà nílùú Shizuoka ní ilẹ̀ Japan ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Iṣẹ́ pákó ni ilé iṣẹ́ náà ń ṣe nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ lọ́dún 1946, kó tó ya sídìí ike. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, wọ́n ṣe àwòṣe Panther, táǹkì àwọn ará Jámánì, wọ́n sì fi ẹ́ńjìnnì kékeré sí i nínú kó lè máa rìn. Bátìrì méjì ni ẹ́ńjìnnì náà ń lò, wọ́n wá ṣe ara táǹkì náà kó fẹ̀ tó ohun tó lè gba bátìrì ọ̀hún. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni Shunsaku Tamiya tó wọ̀n ọ́n, tó rí i pé ó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú 35 táǹkì gidi. Bí bátìrì ṣe fún ayé ní òdiwọ̀n nìyẹn.

Kí ẹ fi òǹkà yìí sọ́kàn, nítorí òun ni olùkọ́ yín. Mìlímítà kan lára àwòṣe dúró fún sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta ààbọ̀ lára táǹkì gidi. Bí ojú ìpàdé ike méjì bá wá lanu tó mìlímítà kan, àtẹ́lẹsẹ̀ lè há sí irú àlàfo bẹ́ẹ̀ lára ojúlówó. Bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì to àmì ọ̀dà tó bó, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fẹ̀ tó mìlímítà mẹ́ta, ohun tí ẹ ń sọ ni pé ọ̀dà bó lára táǹkì gidi ní ìwọ̀n tó ju sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá lọ. Kí ẹ tó fi ohunkóhun sí i, ẹ kọ́kọ́ fi 35 sọ ọ́ di púpọ̀ ná.

ÈWO NI KÍ Ẹ MÚ?

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ kò gbọdọ̀ mú èyí tó le jù. Tiger àwọn ará Jámánì wu ojú, ṣùgbọ́n àwọn àgbá ẹsẹ̀ rẹ̀ wọnú ara wọn, ọwọ́ kì í sì í pẹ́ tojú sú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe rí. Sherman àwọn ará Amẹ́ríkà ni a fọwọ́ sí. Láti ọdún 1942 sí 1945, wọ́n ṣe èyí tó lé ní 49,000. Ọwọ́ àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ló wà nígbà tó kọ́kọ́ ja ogun ńlá, ní El Alamein nílẹ̀ Íjíbítì, ní oṣù kẹwàá ọdún 1942. Ó wúwo tó nǹkan bí ọgbọ̀n tọ́ọ̀nù, ènìyàn márùn-ún ló sì ń wọ inú rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń pè ní M4A1 gùn tó mítà 5.84, nítorí náà àwòṣe rẹ̀ kò ju sẹ̀ǹtímítà 17 lọ. Àgbá ẹsẹ̀ mẹ́fà péré ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ní méjì méjì, àwọ̀ ewéko tó ṣú ni ọ̀pọ̀ wọn sì ní látòkèdélẹ̀.

TÍTÒ RẸ̀

Irinṣẹ́ kò pọ̀: ẹ̀mú kékeré tó lè gé ike, ọ̀bẹ tó mú, sáńpépà tó kúnná, búrọ́ọ̀ṣì mẹ́ta tàbí mẹ́rin, àti gọ́ọ̀mù tí wọ́n ṣe fún irú ike yìí. Gọ́ọ̀mù náà kì í kàn lẹ nǹkan pọ̀ lásán. Ńṣe ló máa ń yọ́ ojú ike méjèèjì díẹ̀ kí wọ́n tó di ara kan náà. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀kán kan ṣoṣo fi tó, bó bá sì ta sí ibi tí kò yẹ, ẹ má ṣe nù ún. Ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ wá fi sáńpépà tẹ́ ẹ. Èéfín rẹ̀ kò dára lágọ̀ọ́ ara, nítorí náà ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ ni kí ẹ jókòó sí. Ẹ máa dojú ọ̀bẹ kọ ibòmíràn, kì í ṣe ọwọ́ yín. Bó bá sì jẹ́ ọmọdé ló fẹ́ ṣe é, àgbà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀.

Kí ẹ ka ìwé ìtọ́sọ́nà tán kí ẹ tó gé ẹyọ kan. Ẹ fi omi ọṣẹ tó lọ́ wọ́ọ́wọ́ fọ àwọn ike náà, nítorí òróró máa ń kù sí wọn lára láti ilé iṣẹ́, ọ̀dà kì í sì í di òróró mú. Ẹ máa dán ẹyọ kọ̀ọ̀kan wò kí ẹ tó fi gọ́ọ̀mù sí i. Àwọn àgbá ẹsẹ̀ ní láti dọ́gba gẹ́lẹ́, nítorí bí ọ̀kan bá gbé sókè, táǹkì náà yóò máa mì bí àga tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kúrú. Ẹ má tíì de ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀, irú èyí tí ẹ máa ń rí lábẹ́ katapílà, títí ẹ ó fi kun àgbá ẹsẹ̀ tán. Ẹ tún wo ẹnu ìbọn rẹ̀. Ihò ìbọn gidi fẹ̀ tó mìlímítà 75; bí ti àwòṣe bá dí, ẹ rọra lu ú síhò tó fẹ̀ díẹ̀ ju mìlímítà méjì lọ.

KÍKÙN ÚN

Ibi tí ìkánjú ti ń ba iṣẹ́ jẹ́ jù nìyí. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọ̀dà ìpìlẹ̀ ni ẹ ó kọ́kọ́ lò, nítorí òun ni yóò di ike mú, tí yóò sì fi gbogbo àbùkù tí ojú kò rí hàn yín. Lẹ́yìn náà ni àwọ̀ ewéko tó ṣú, ní fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹ fi àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ là á, nítorí ohun kékeré máa ń ṣú lójú ju ohun ńlá lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀dà kan náà ni.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ fún ọjọ́ kan gbáko. Kí ẹ tó lẹ ìràwọ̀ funfun tó jẹ́ àmì ìdánimọ̀ rẹ̀, ẹ fi fánísì tó ń dán pa ibẹ̀, kí afẹ́fẹ́ má baà há sábẹ́ àmì náà. Lẹ́yìn èyí, ẹ po ọ̀dà olóróró tó ní àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú mọ́ táfẹ́táìnì títí yóò fi ṣàn bí omi, kí ẹ sì jẹ́ kó wọ inú gbogbo kọ̀rọ̀ àti ìdí nọ́ọ̀tì. Bó bá jẹ́ ọ̀dà olómi ni ẹ fi kun ara táǹkì náà, táfẹ́táìnì kò ní tètè yọ́ ọ. Bó bá jẹ́ irú kan náà ni méjèèjì, ti òkè lè hú ti ìsàlẹ̀. Ní ìparí, ẹ rẹ búrọ́ọ̀ṣì sínú ọ̀dà tó mọ́lẹ̀, ẹ nù ún títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ, kí ẹ wá máa fi gbá etí àti igun rẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

ẸRẸ̀, ÌPẸTÀ ÀTI OHUN TÓ FÀ WỌ́N

Ẹ máa bi ara yín léèrè: kí ló fà á? Ọ̀dà máa ń pa lẹ́bàá ojú ihò tí àwọn ọmọ ogun ń gbà wọlé, nítorí bàtà wọn ń tẹ̀ ẹ́ lójoojúmọ́. Kì í pa lábẹ́ ìbọn níbi tí ẹsẹ̀ kì í dé. Eyín àgbá iwájú tó ń fa ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ máa ń dán, nítorí irin ń ha irin. Èéfín máa ń dúdú sí ẹ̀yìn, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà. Rọ́bà ló yí àgbá ẹsẹ̀ Sherman ká, rọ́bà kì í sì í dípẹtà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wọ̀n ẹsẹ̀ rẹ̀ pàápàá ní rọ́bà lójú, bẹ́ẹ̀ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí a máa kùn ún ní àwọ̀ ìpẹtà láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ẹrẹ̀ náà, ìsàlẹ̀ ló ti ń pọ̀, a máa dín kù bó ṣe ń gòkè, àwọ̀ rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jọ ti ilẹ̀ ibi tí ẹ ní táǹkì náà ti jà. Fánísì tí kì í dán ni ẹ ó fi kádìí rẹ̀.

Àmì kan ṣì kù tí a kò fẹ́ kí ẹ gbójú fò. Lára ọ̀pọ̀ Sherman tó jáde ṣáájú ọdún 1944, abala irin mẹ́ta wà tí wọ́n jó mọ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, méjì lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì. Ẹni tí kò mọ̀ lè rò pé àbùkù ni, kó fẹ́ fi sáńpépà tẹ́ ẹ. Ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ń kó ọta ìbọn sí nínú ọkọ̀. Bí ọta àwọn ọ̀tá bá wọlé níbẹ̀, iná yóò sọ, ìṣẹ́jú àáyá péré sì ni àwọn tó wà nínú rẹ̀ ní láti fi sá jáde. Abala irin wọ̀nyí ni wọ́n fi di ibẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n kó ọta lọ sí ìsàlẹ̀ ọkọ̀, sínú àpótí tí omi yí ká. Ìwádìí àwọn ológun Amẹ́ríkà lọ́dún 1945 fi hàn pé nínú ọgọ́rùn-ún Sherman tí ọta bá bà, 60 sí 80 ló ń gbiná nígbà tí wọ́n ń lo ètò àtijọ́. Ti àpótí olómi kò ju 10 sí 15 lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbé táǹkì yín sórí tábìlì, tí ọmọ ilé bá bi yín pé kí ni irin pẹlẹbẹ mẹ́ta yìí ń ṣe níbẹ̀, ẹ ó ní èsì fún un. Ẹ ó sọ fún un pé ènìyàn márùn-ún ló wà lẹ́yìn wọn, tí àwọn náà sì fẹ́ délé. Àkọ́kọ́ tí ẹ bá ṣe kò ní ṣàì ní àléébù. Ẹ má jù ú nù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, ẹ̀gbẹ́ àkọ́kọ́ yìí sì ni kí ẹ gbé èkejì kà, kí ẹ lè mọ ibi tí ọwọ́ yín dé.