Agbe àti Àlùkò: Ìtàn Ẹyẹ Méjì àti Igbó Wọn

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò gbọ́ orúkọ agbe àti àlùkò rí. Nínú orin àti ìwúre wa, aró ni a fi mọ agbe, osùn ni a fi mọ àlùkò. Àwọn kan rò pé ẹwà ọ̀rọ̀ lásán ni èyí. Lójú tiwa, ẹ̀rí ìtàn ni: ọ̀rọ̀ àwọn tí ó fi ojú ara wọn wo ẹyẹ dáadáa ni.

Ìbátan ni ẹyẹ méjèèjì. Orí igi ni wọ́n ń gbé, èso sì ni oúnjẹ wọn. Lábẹ́ ìbòòji ewé, ara àwọn méjèèjì lè ṣú bí aró, kí ènìyàn sì ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Ṣùgbọ́n agbe tóbi jù: ó lè gùn tó sàǹtímítà 75, nígbà tí àlùkò kò ju nǹkan bí 50 lọ. Bí àlùkò bá sì na apá láti fò, ìyẹ́ pupa yóò hàn. Agbe kò ní irú rẹ̀. Osùn tí àwọn baba wa ń wí nìyẹn. Ní ọdún 1869, A. H. Church, onímọ̀ ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé pé bàbà wà nínú àwọ̀ pupa náà, ó sì sọ ọ́ ní turacin.

Ní gúúsù Benin, igbó kìjikìji kò pọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí ọ̀dàn dé etí òkun níbẹ̀. Láti ọ̀rúndún 19 tí òwò epo pupa ti gbilẹ̀, ọ̀pẹ ń gba ilẹ̀ sí i. Ní 1922, àwọn Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ ní Pobè, ní àríwá wa. Lónìí, ọ̀pẹ, àgbàdo àti gbágùúdá ni ó gba ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Ifangni. Àlùkò ṣì lè fara pamọ́ sí igi etí odò. Igbó ńlá ni agbe ń fẹ́.

Igbó orò àti igbó òrìṣà ni àáké bọ̀wọ̀ fún. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 2012, ìjọba Benin fi àṣẹ gbé ìtọ́jú igbó mímọ́ kalẹ̀. Àṣẹ nìkan kò tó. Bí igbó wọ̀nyí bá tán, orúkọ yóò kù lẹ́nu, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ wa kò ní mọ èwo ni agbe, èwo ni àlùkò.

Nítorí náà, a rọ ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́: ẹ bi àwọn àgbà ọdẹ ilé yín léèrè ibi tí wọ́n ti rí ẹyẹ wọ̀nyí kẹ́yìn, àti ìgbà tí ó jẹ́. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ ní Yorùbá àti ní Faransé, kí ẹ̀rí náà má bàa bá wọn lọ.