Ẹ̀jẹ̀ Kọ́ Ló Ń Ta Tẹ́tẹ́

Bàbá ta tẹ́tẹ́ títí ilẹ̀ ìdílé fi bá a lọ. Ọmọ náà dàgbà tán, ó ń kó owó oúnjẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Àwọn ará àdúgbò ní: “Ó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wọn, kò sóhun téèyàn lè ṣe sí i.” Ààbọ̀ òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn ló sì jẹ́ kó ṣòro láti fà tu.

Lóòótọ́, àbùdá lọ́wọ́ sí i. Lọ́dún 2010, olùwádìí Wendy Slutske àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde nípa tẹ́tẹ́ tó di bárakú láàárín ìbejì 4,764 ní Australia. Àwọn ìbejì ẹyin kan, tí àbùdá wọn ò yàtọ̀, ni wọ́n fi wé àwọn ìbejì ẹyin méjì, tí ìjọra àbùdá wọn kò ju ti tẹ̀gbọ́n-tàbúrò lásán lọ. Wọ́n ṣírò ipa àbùdá sí 49 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ibi tí àìfarabalẹ̀ ti wọlé nìyí. Àwọn kan ka 49 yẹn bíi pé ìdajì ọmọ ọ̀tatẹ́tẹ́ ni yóò di ọ̀tatẹ́tẹ́. Rárá o. Ohun tó mú kí àwọn èèyàn yàtọ̀ síra wọn, ní ibẹ̀ àti lásìkò yẹn, ni iye náà ń wọ̀n. Kò sọ ohunkóhun nípa àyànmọ́ ẹnì kan. Níbi tí kò bá ti sí tẹ́tẹ́, àbùdá yòówù kéèyàn ní, kí ni yóò ta?

Ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí apilẹ̀ àbùdá kan tó jẹ́ ti tẹ́tẹ́. Ohun tó jọ pé à ń jogún ni àwọn ìwà bí ìwàǹwára, tó lè gbé ẹnì kan dé ìdí ọtí, kó gbé ẹlòmíì dé ìdí tẹ́tẹ́, kó má sì gbé ẹnì kẹta débì kankan.

Ẹ tún wo èyí. Lọ́dún 2005, àwọn dókítà Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà ròyìn èèyàn 11 tó ní àìsàn Parkinson, àìsàn tó ń mú ara gbọ̀n, tí tẹ́tẹ́ di bárakú fún lẹ́yìn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lo oògùn tó ń ṣe bíi dopamine, èròjà kan tó ń jíṣẹ́ nínú ọpọlọ. Nígbà tí wọ́n dín oògùn náà kù tàbí tí wọ́n dá a dúró, bárakú náà sábà máa ń lọ. Àbùdá wọn kò yí padà rárá, síbẹ̀ tẹ́tẹ́ dé, tẹ́tẹ́ sì lọ.

Bí bàbá bá ta tẹ́tẹ́, ó yẹ ká tètè fojú sílẹ̀ fún ọmọ. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún un pé kò sí ọ̀nà àbáyọ: kò sí èyí tó sọ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn ìwádìí wọ̀nyí.