Ohun Tó Jẹ́ ti Páìpù, Ohun Tó Jẹ́ ti Ìlú: Lórí Àkójọ Ẹ̀yà Nínú Sọ́fítíwíà Ètò Ooru àti Ìtutù

Ẹni tó bá ń fi sọ́fítíwíà ṣètò nẹ́tíwọ́ọ̀kì ooru kì í ya páìpù kọ̀ọ̀kan láti ìbẹ̀rẹ̀. Inú àkójọ ẹ̀yà ló ti ń mú un: páìpù, pọ́ǹpù, ẹ̀rọ amúnáwá, irú ilé, gbogbo wọn ti wà níbẹ̀ tàwọn ti ìwọ̀n wọn. Àkójọ yìí ló ń mú iṣẹ́ yá. Òun náà ló sì ń gbé àṣìṣe láti ìlú kan dé òmíràn láìsí ẹni tó fura. Ohun tí mo fẹ́ fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ni pé nọ́ńbà tí a tẹ̀ sódì kọ́ ló burú jù níbẹ̀. Èyí tó burú jù ni nọ́ńbà tó tọ̀nà níbi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, tí a wá kọ sára ẹ̀yà bí ẹni pé ẹ̀yà ló ni ín, nígbà tó jẹ́ pé ìlú ló ni ín.

Ẹnikẹ́ni kì í yáná ní Ibafo, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, mo mọ̀. Ní Dẹ́nmáàkì, nǹkan bí ilé méjì nínú mẹ́ta ló ń gba ooru láti inú páìpù abẹ́ títì. Tiwa ni pé kí ooru kúrò lára wa. Ṣùgbọ́n irú páìpù kan náà àti ìṣirò kan náà ló ń gbé omi tútù káàkiri fún ìtutù ilé, bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ ní Marina Bay ní Singapore láti 2006. Orísun ooru tó lè ṣe é ò sì jìnnà sí wa. Ní Redemption City, ibùdó ìjọ ńlá kan ní Mowe, ilé iṣẹ́ iná tó ń lo gáàsì wà níbẹ̀. Ìwé ìròyìn The Guardian ti Lọ́ńdọ̀nù kọ ọ́ ní 2017 pé mẹ́gáwáàtì 25 ni. Ẹ́ńjìnnì gáàsì tó dára á sọ nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún agbára gáàsì di iná mànàmáná. Èyí tó pọ̀ jù nínú ìyókù ń bá èéfín àti omi ẹ́ńjìnnì lọ. Ẹ̀rọ kan wà tó ń lo lithium bromide, tó lè fi irú ooru bẹ́ẹ̀ mú omi tutù. N kò sọ pé wọ́n ti ń ṣe é ní Mowe. Mo mú ibẹ̀ torí pé òun ló súnmọ́ Ibafo jù níbi tí irú ètò bẹ́ẹ̀ ti lè fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká wo páìpù kan ṣoṣo. Páìpù irin DN 50 tí ìlànà EN 253 ti Yúróòpù ṣàpèjúwe ní ìwọ̀n ìta mìlímítà 60.3, fóòmù yí i ká, awọ ọ̀rá líle sì bò ó, tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ mìlímítà 125. Bí a bá ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú fóòmù tó dára, ooru tó ń gba ara rẹ̀ kọjá ní mítà kan jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin wáàtì fún dígíríì kọ̀ọ̀kan tó wà láàárín omi inú rẹ̀ àti ilẹ̀. Ti páìpù nìyẹn, ibikíbi tí wọ́n bá gbé e lọ. Ṣùgbọ́n àkójọ mìíràn kì í kọ èyí. Iye wáàtì tí mítà kan ń pàdánù ló ń kọ, tí wọ́n ti ṣírò rẹ̀ sí ilẹ̀ dígíríì 10, bíi ti Jámánì. Ní agbègbè wa, ilẹ̀ ní mítà kan sísàlẹ̀ kì í jìnnà sí ìpíndọ́gba ooru afẹ́fẹ́ ọdún, ìyẹn nǹkan bí dígíríì 27. Bí omi dígíríì 85 bá ń gba páìpù náà kọjá, àkójọ á sọ pé wáàtì 19 ló ń sọnù, bẹ́ẹ̀ 14.5 ni. Ẹni tó ń ṣètò á kàn rò pé òun ṣọ́ra. Ṣùgbọ́n bí omi tútù dígíríì 7 bá ń kọjá, ìyàtọ̀ tó jẹ́ dígíríì mẹ́ta péré ní Jámánì di ogún ní Ibafo: ooru tó ń wọlé kúrò ní 0.75 wáàtì, ó di márùn-ún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méje. Ẹni tó bá gba nọ́ńbà àkọ́kọ́ gbọ́ lè sọ pé kí wọ́n yọ fóòmù kúrò kí owó lè dín. Mo sì fojú fo ìdènà tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe fún ooru; ní àbàtà tó lọ sí ìhà Odò Ògùn, níbi tí omi ti súnmọ́ ojú ilẹ̀, ìdènà yẹn kéré ju ti ilẹ̀ gbígbẹ lọ.

Bákan náà lọ̀rọ̀ àwọn ẹ̀rọ rí. Àwọn tọ́bánì mẹ́jọ tó wà ní Olorunsogo, ní Papalanto, kò jìnnà sí Ifo. Nǹkan bí mẹ́gáwáàtì 42 ni wọ́n ń ka ọ̀kọ̀ọ̀kan sí. Afẹ́fẹ́ dígíríì 15 ni ìlànà ISO fi ń wọn tọ́bánì gáàsì. Lọ́sàn-án oṣù kẹta, ta ló máa rí dígíríì 15 ní Papalanto? Afẹ́fẹ́ gbígbóná fúyẹ́, èyí tó ń wọ tọ́bánì dínkù, agbára rẹ̀ náà á sì dínkù. Ní ti ẹ̀rọ tó ń fi ooru mú omi tutù, ìlànà Amẹ́ríkà ń wọ̀n ọ́n pẹ̀lú omi ìtutù-ẹ̀rọ dígíríì 29.4, ti Japan ń lo 32. Ẹ̀rọ méjì tí àkójọ kọ agbára kan náà sí lára lè má dọ́gba rárá. Nítorí náà, nọ́ńbà agbára tí kò bá ipò ìwọ̀n rẹ̀ rìn kò yẹ kó wọ àkójọ.

Irú ilé ńkọ́? Ẹni tó bá kọ "ṣọ́ọ̀ṣì" sílẹ̀ ní Yúróòpù á fún un ní wákàtí díẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ní Mowe, alẹ́ ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ni èrò máa ń ya wọ ibùdó fún ìsìn àṣemọ́jú. Orúkọ ilé jọra, àmọ́ wákàtí tí ìtutù á wúlò yàtọ̀ pátápátá. A kì í fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sínú àkójọ ẹ̀yà. Ojú ewé ọ̀tọ̀ tí a kọ ohun tó jẹ́ ti ìlú sí, ìyẹn ojú ewé ìlú, ló yẹ kó wà.

Orúkọ pàápàá ń dá wàhálà sílẹ̀. Púlọ́ńbà Ibafo á sọ pé páìpù ínṣì méjì, ẹlòmíràn á kọ "50". Inú páìpù irin DN 50 yẹn jẹ́ mìlímítà 54.5. Páìpù ọ̀rá tí wọ́n ń pè ní 50, ìta rẹ̀ ni wọ́n fi ń pè é. Tó bá jẹ́ èyí tí ara rẹ̀ nípọn, tí wọ́n ń pè ní SDR 11, inú rẹ̀ kò ju 40.8 lọ. Bí omi kan náà bá gba inú àwọn méjèèjì, agbára tí pọ́ǹpù máa fi tì í nínú ti ọ̀rá tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin ti irin. Ohun tí wọ́n fi ṣe é, ìwọ̀n ìta, ìwọ̀n inú: láìsí mẹ́ta yìí, kí wọ́n má gbà á wọlé.

Ó ku bí a ṣe ń tún ẹ̀yà inú àkójọ lò. EPANET, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń ṣírò omi inú páìpù, kò ní irú páìpù àjọlò. Páìpù kọ̀ọ̀kan ló ń gbé ìwọ̀n tirẹ̀. Nínú pandapipes, tí Fraunhofer àti Yunifásítì Kassel gbé jáde ní 2020, èèyàn á dárúkọ irú páìpù, sọ́fítíwíà á sì da àwọn nọ́ńbà rẹ̀ kọ sínú iṣẹ́ náà. Ọ̀nà kẹta ni kí gbogbo iṣẹ́ máa wo àkójọ kan náà, kí ẹnikẹ́ni tó bá tún un ṣe lónìí yí gbogbo iṣẹ́ àtẹ̀yìnwá padà. N kò fara mọ́ ọ̀nà kẹta yìí. Ètò tí oníṣẹ́ ti fọwọ́ sí, tí wọ́n ti fi ra páìpù, kò gbọdọ̀ yí padà lẹ́yìn ẹni tó ṣe é. Dída nọ́ńbà kọ ló dára jù, ṣùgbọ́n ó ní ìnira tirẹ̀: bí a bá rí àṣìṣe nínú àkójọ, a ò ní mọ iṣẹ́ tó ti lò ó. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan fi gbọ́dọ̀ ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ àti ọjọ́ tó bá a wọ inú iṣẹ́. Bí àṣìṣe bá hàn, ẹ má pa èyí tó wà níbẹ̀ rẹ́. Ẹ kọ tuntun, kí ẹ kọ "a ti yọ ọ́" àti ìdí rẹ̀ sára ti àtijọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa ṣí ilẹ̀kùn fún ẹ̀yà tuntun. Ní ọ́fíìsì kékeré tí fáìlì ń ti orí fílàṣì kan bọ́ sí òmíràn, ẹni yẹn ṣe pàtàkì ju sọ́fítíwíà lọ.

Ojú ewé ìlú wá ńkọ́, ta ló máa kọ ọ́ fún wa? Ibẹ̀ ni kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀, owó rẹ̀ ò sì pọ̀. Kí wọ́n ri tẹmómítà mọ́lẹ̀ ní mítà kan ní àbàtà Ibafo, kí wọ́n ri òmíràn sí ilẹ̀ gbígbẹ lẹ́bàá Mowe àti ìkẹta sí Ifo, kí wọ́n máa kà á títí òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn á fi kọjá, kí àwọn yunifásítì tó wà ní Ògùn sì gbé e jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣètò páìpù níbẹ̀.