Ohun Tó Gbé Oògùn Wọ Imú: Ìtàn Kúkúrú

Nígbà ọyẹ́, tí eruku bá gbòde tí imú sì dí, àwọn kan nínú wa kì í jáde láìmú ìgò oògùn tí wọ́n ń fín sí imú dání. Ìbéèrè tó máa ń tẹ̀lé e ni pé: ṣé oògùn yìí kò ní ba inú imú jẹ́? Ìbéèrè náà ti pẹ́ láyé, ìtàn rẹ̀ sì jẹ́ kí òwe àwọn àgbà kan yé wa sí i: ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Nígbà mìíràn, ohun tí wọ́n fi gbé oògùn ló ń fa wàhálà ju oògùn fúnra rẹ̀ lọ.

Lára awọ inú imú ni àwọn nǹkan tíntìntín kan wà tí ojú lásán kò lè rí. Sílíà ni àwọn onímọ̀ ń pè wọ́n. Bí a bá pè wọ́n ní irun imú, a ti ṣì wọ́n pè, torí irun imú ṣeé fojú rí. Àwa dábàá "àjẹ̀ imú" (àjẹ̀ tí wọ́n fi ń tukọ̀ ni o, kì í ṣe àjẹ́!). Wọ́n ń jù tó ìgbà 10 sí 15 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, wọ́n sì ń tu ikun tó ti mú eruku àti kòkòrò àìfojúrí lọ sí ọ̀fun, kí a lè gbé e mì. Ní 1834 ni Purkinje àti Valentin kéde pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń jù lára ẹranko elégungun.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, òróró tí wọ́n yọ láti inú epo rọ̀bì ni wọ́n fi ń po ọ̀pọ̀ oògùn imú. Ó ń tuni lára, ṣùgbọ́n àjẹ̀ yìí kì í tu òróró bó ṣe ń tu ikun. Òróró náà lè yọ́ wọ ẹ̀dọ̀fóró láìjẹ́ pé ènìyàn wúkọ́ rárá. Ní 1925, Laughlen kọ̀wé nípa òtútù àyà tí irú òróró bẹ́ẹ̀ ń fà. Dókítà Arthur Proetz ní St. Louis, Amẹ́ríkà, wà lára àwọn tó tẹnu mọ́ ọn pé oògùn tí yóò wọ imú kò gbọ́dọ̀ dí sílíà lọ́wọ́. Díẹ̀díẹ̀, omi oníyọ̀ gba ipò òróró.

Ṣùgbọ́n omi máa ń bàjẹ́. Kòkòrò lè wọ inú ìgò, nítorí náà wọ́n nílò kẹ́míkà tí yóò máa pa á. Ní 1935, Gerhard Domagk ní Jámánì ròyìn agbára benzalkonium chloride láti pa kòkòrò. Nígbà tó yá, ó di ohun tí wọ́n ń fi sínú oògùn imú àti ti ojú. Ní àwọn ọdún 1980, van de Donk àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Netherlands dán irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀ wò lára sílíà ọ̀fun ọmọ adìyẹ tí wọn kò tíì pa: ó dín jíjù wọn kù. Síbẹ̀, nígbà tí àwọn mìíràn dán an wò nínú imú ènìyàn, ọ̀pọ̀ kò rí irú ìpalára bẹ́ẹ̀. Ikun tó bo sílíà ń là á, ó sì ń gbé e lọ. Àríyànjiyàn náà kò tíì parí, àmọ́ ó ti mú kí àwọn ilé-iṣẹ́ ṣe ìgò tí kò ní kẹ́míkà yìí nínú.

Kí la rí kọ́? Ìgò méjì ló wà, ẹ má pa wọ́n pọ̀. Èyí tó ní sítẹ́rọ́ọ̀dì, bíi fluticasone, ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tí ara rẹ̀ kọ eruku; ìwádìí lórí ìlò rẹ̀ fún oṣù púpọ̀ kò fi hàn pé ó ń ba awọ imú jẹ́. Èyí tó ń ṣí imú kíákíá, bíi oxymetazoline, kò yẹ kó ju ọjọ́ mélòó kan lọ. Bó bá pẹ́ jù, imú á tún máa dí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹni náà á sì máa fín in sí i.

Nítorí náà, bí ẹ bá dé kẹ́místì, ẹ ka orúkọ oògùn, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú. Ibẹ̀ ni ìtàn yìí wà.